Ẹṣin Ni Mo Fẹ́ Kọ́, Ẹsẹ̀ Mi Ló Gba Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ẹṣin kan ní Mushin.

Àlàájì Ràṣídì, káfíńtà kan ní Pápá Àjàó, ló ni ín. Abo ẹṣin ni, Arẹwà lorúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń so ó mọ́. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ìdíje ẹṣin ọlọ́nà jíjìn kan wáyé lọ́nà Ẹ̀pẹ́, Àlàájì ní tí Arẹwà ò bá yege nínú ìdíje ológójì kìlómítà náà, àwọn á tà á fún àwọn tó ń fi ẹṣin gbé ọmọ kiri etíkun. Èmi sì ti fẹ́ràn ẹranko yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, màá kọ́ ọ.

Kí ni mo mọ̀ nípa ẹṣin? Mo ní digirí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá gboyè nínú ohun kan á rò pé òun ti gboyè nínú gbogbo nǹkan.

Mo wo fídíò. Mo ra bàtà gígùn ní Tejuoso, mo ra àṣíborí. Àlàájì wò mí látòkè délẹ̀.

"Kúnlé, ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ni àbí ẹṣin?"

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, eré àsápajúdé ni mo ń fi í sá. Ní ọjọ́ karùn-ún, Arẹwà ń tiro, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì gbóná janjan.

Àlàájì ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n rọra ń da omi tútù sí ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní iṣan ẹṣin ò mọ iye ìwé tí mo kà. Ìrìn ló ń mú un le kí eré tó dé. Tó bá sinmi tán, kí n máa bá a rìn. Tó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, kí n sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ nìyẹn, tí gàárì òfìfo wà lẹ́yìn ẹṣin. Ṣé Mushin á wá dákẹ́?

"Bọ̀ọ̀dá, ajá yín mà tóbi o," obìnrin oníbúrẹ́dì kan ló wí bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì kan tún béèrè, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo ló tán nínú ẹ̀ ni?"

Mo ní rárá, inú èmi ni epo ti tán.

Díẹ̀díẹ̀ la fi eré kún ìrìn, títí ọjọ́ ìdíje fi pé. Òfin ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá dé, dókítà ẹranko á gbọ́ bí ọkàn ẹṣin ṣe ń lù. Tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òfo ni gbogbo ìrìn yín.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé òpin ìdíje, ọ̀gá kan tó wọ funfun látòkè délẹ̀ fi ẹṣin sáré kọjá mi, ọkọ̀ kan ń ya fídíò rẹ̀. Ó ní kí n rọra o, kí oorun má gbé mi lọ. Ọwọ́ ń yún mi láti na Arẹwà. Mo wo imú rẹ̀ tó ń fẹ̀ tó ń sún kì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tú okùn gàárì díẹ̀, a rìn wọlé. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́.

Dókítà gbọ́ àyà Arẹwà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ọkàn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ó yege. Ẹṣin ọ̀gá ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí àkókò rẹ̀ pé. Ọ̀gá ń ṣàlàyé pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gbé e wá. Dókítà ní òun ti gbọ́, ọkàn ẹṣin náà ni ò tíì gbọ́.

Àlàájì gba ìjánu lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ títà ti parí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan gbé yín jìnnà, ẹ kọ́kọ́ bá a rìn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti fi ìkánjú bà jẹ́ rí, àbí kí ni sùúrù bá yín tún ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo lè rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò ní pẹ́.