Àmì Dúdú Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Iye

Iye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá, òun nìkan ni mo sì fi ń pe ìyá mi títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ kan tí a ti oko wa ní Ìjù-Odò dé, mo ń bá a fọ ẹsẹ̀ nígbà tí mo rí àmì dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo fi kànìnkànìn ha á, kò ṣí.

"Fi í sílẹ̀," ni Iye wí. "Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Kò dùn mí."

Lóòótọ́ ni, kò dùn ún. Ìyẹn ló sì tàn wá jẹ. Ta ni kò ní àmì lára? Ọ̀kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ èmi náà láti kékeré.

Ṣùgbọ́n ti Iye kò dúró sójú kan. Ó ń fẹ̀, etí rẹ̀ rí págunpàgun, apá kan dúdú bí èédú, apá kejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó yá, ó ń yún un. Lọ́jọ́ kan tó ń yan púpurú, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, a rí ẹ̀jẹ̀ nínú sílípáàsì rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀gún ló gún un. Obìnrin kan mú àdín wá láti Àjàgbà, Iye ń fi pa á, ó sì ń tiro lọ sóko. Ìgbà tí kókó wú ní oríkèé itan rẹ̀ ló tó gbà kí n mú òun lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n gé díẹ̀ lára àmì náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà, ọmọbìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Jẹjẹrẹ awọ ara ni," ó wí. "Ó ti rìn jìnnà kọjá ẹsẹ̀. Gígé e kò lè wò ó sàn mọ́."

"Ṣé kì í ṣe àwọn òyìnbó ni èyí ń ṣe?"

"Ó wọ́pọ̀ lára wọn jù wá lọ. Ti àwa dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ àmì ara kì í ṣe nǹkan kan, Màmá. Èyí tó bá ń tóbi, tó ń pa àwọ̀ dà, tí ìdajì rẹ̀ kò jọ ìdajì kejì, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ni kí ẹ tètè gbé wá. Bí a bá gé e ní kékeré, ó sábà máa ń tán síbẹ̀."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Òkìtìpupa, Iye bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ mi ni?"

"Rárá, Iye."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kí ló dé tí wọn ò ní gé e?"

Mo fi etí aṣọ mi nu ojú. Iye wò mí lójú, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó ti yé mi." Kí ẹ̀gẹ́ tó gbìn tó gbó, a ti sin ín.

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ìlà dúdú kan hàn mí lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bú sẹ́kún. Ó wá jókòó tì mí.