Bàbá Nọ́ńbà àti Ọkọ̀ Tíṣà

Lọ́jọ́ tí tíṣà wá tọrọ àbíkẹ́yìn Bàbá Nọ́ńbà, bàbá ò kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ tó gbé wá ló lọ bẹ̀ wò. Ó wọ awò, ó fi ìka nu eruku ara nọ́ńbà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń ka ìdájọ́ kóòtù. Àbíkẹ́yìn ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ta ló lọkọ̀?"

Tíṣà ní òun ni.

Bàbá ní kò burú, àmọ́ ẹkùn òdìkejì odò ni nọ́ńbà yẹn ti wá, bẹ́ẹ̀ tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ò sọdá odò rí. Tíṣà yọwọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé òun ló yá òun.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó máa bọ̀ wá fẹ́ ọmọ mi. Òun ló jọ ẹni tó ti ṣe tán."

Ọdún méjìdínlógójì ni bàbá fi jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní nọ́ńbà ọkọ̀, nídìí kàǹtà kan tí ìgúnpá rẹ̀ ti họ ọ̀dà ara rẹ̀ tán. Láyé ìgbà yẹn, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti àwọn ará etí òkun jẹ́ búlúù, wọ́n ya ẹja sí i. Ti àwọn ará orí òkè jẹ́ àwọ̀ ewé, ewúrẹ́ ló wà lára rẹ̀. Bí awakọ̀ orí òkè bá já sójú títì láìwo ọ̀tún wòsì, bàbá á ní ká má bínú sí i: ìjọba kúkú ti fi àwòrán kìlọ̀ fún wa.

Àbíkẹ́yìn bi í pé tàwọn ńkọ́, nítorí tiwọn funfun báláú ni, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Bàbá na ọrùn sókè.

"Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀," ó ní, "kì í yàwòrán."

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo nọ́ńbà di ọ̀kan náà. Bàbá kọ lẹ́tà ojú ìwé mọ́kànlá sí wọn. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n fèsì pé àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀. Ó fi férémù sí èsì náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó ń sọ fún àlejò pé ìjọba ṣì ń rò ó.

Ìjọba ò rò ó. Díẹ̀díẹ̀, ẹja tán lójú títì, ewúrẹ́ náà tán. Bàbá tí kì í dákẹ́ tó bá ti rí ọkọ̀ wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Kò pẹ́ tí àìsàn fi gbé e dè.

Nígbà náà, lẹ́yìn ọdún kan àti ẹ̀bẹ̀ tí kò lóǹkà, tíṣà ti fẹ́ àbíkẹ́yìn, ó sì ti ra ọkọ̀ tirẹ̀. Òun nìkan ni kò pààrọ̀ nọ́ńbà ládùúgbò. Àràárọ̀ ló ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ fèrèsé bàbá, á kọ ìdí rẹ̀ sílé, kí nọ́ńbà funfun lè hàn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọlọ́pàá dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní ìdè tó so nọ́ńbà mọ́ ọkọ̀ ló dípẹtà, kò ṣeé tú.

Bàbá gbọ́. Ó ní kí wọ́n pè é wá.

"Wọ́n ní ọlọ́pàá ń yọ ẹ́ lẹ́nu nítorí nọ́ńbà yẹn. Lọ pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ọmọ mi mọ́lé."

Àbíkẹ́yìn tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn gbójú sókè, ó rò pé òun ni bàbá pè lọ́mọ. Tíṣà ni.

Tíṣà ní lọ́la lòun ń lọ, sà. Lọ́la yẹn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láràárọ̀, bàbá á rọra dìde, á yọjú, á rí i pé nọ́ńbà ṣì wà níbẹ̀, á ní àwọn ọmọ òde òní ò gbọ́ràn rárá. Á tún dùbúlẹ̀. Àbíkẹ́yìn á wá máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kẹta ni bàbá kú, ó kọjú síhà fèrèsé.