Ínjẹ́kítọ̀ Kẹta Kò Dún

Ọkọ mi kì í gbà pé òun kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé èmi ni mò ń kùn. Bí mo bá pè é láti iwájú ṣọ́ọ̀bù tí kò dáhùn, á ní ariwo tírélà tó ń lọ sí èbúté Freeport ló bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà wa ní Bushrod Island, ní Monróvíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpè àdúrà ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí rẹ̀, tó jẹ́ pé mo ní láti lọ fọwọ́ kàn án léjìká, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti tírélà. Mi ò wí nǹkan kan. Mẹkáníìkì ni, etí ló sì fi ń jẹun.

Abẹ́ òrùlé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń ta fílítà, plọ́ọ̀gì àti bẹ́líìtì ní iwájú, òun wà ní ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn mọ́tò. Àwọn mẹkáníìkì tó kù ní àdúgbò wa ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, á sì sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò fún wọn. Mọ́tò àtijọ́ kò ní ojú ihò tí wọ́n lè kì í bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní ògbólógbòó mọ́tò tó ń lo ínjẹ́kítọ̀ fi máa ń wá sọ́dọ̀ ọkọ mi. Ínjẹ́kítọ̀ ni ohun kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń fi ẹnu fẹ́ omi sára aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́kẹ́.

Láti Caldwell ni Pápèé ti wá, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà ọkùnrin ní Monróvíà. Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fa mọ́tò rẹ̀ wá lẹ́yìn. Mọ́tò asáré ni, pupa tó ti ṣá, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí o bá dúró tì í, òrùlé rẹ̀ kò dé àyà rẹ. Ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ ló rà á. Ó ti wà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, nítòsí odò, láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣàlàyé pé bí òun bá ṣíná rẹ̀, ó máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, bí òun bá sì tẹ iná sí i, á máa wúkọ́. Àwọn tó ti wò ó rí ní kí òun jẹ́ kí àwọn yọ àwọn ínjẹ́kítọ̀ náà dànù, kí àwọn fi kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ rọ́pò wọn. Ó kọ̀. Ó tún sọ pé orúnkún ìyàwó òun ti ń dùn ún, bí ó bá pẹ́ sí i, kò ní lè wọ mọ́tò tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, òun sì fẹ́ fi gbé e jáde kó tó dìgbà yẹn.

Ibi epo ni ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ táǹkì kalẹ̀, ìpẹtà àti omi ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ó gé fílítà àtijọ́ sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn mí, ẹrẹ̀ pupa ló dì síbẹ̀. Mo fún un ní tuntun láti orí pẹpẹ mi. Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó sì fi gééjì wọn agbára tí pọ́ọ̀m̀pù fi ń ti epo jáde. Agbára náà pé. Ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti wáyà wọn. Nígbà tó ṣíná rẹ̀, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbọ̀n.

Ó wá mú sukudiráfà gígùn, ó fi ẹnu rẹ̀ lé orí ínjẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́, ó ní gbogbo wọn ń dún. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣe é, ohun kan náà ló sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àpótí tó ń pàṣẹ fún wọn ló ti kú. Àpótí yẹn kò sí ní Monróvíà, bóyá la fi lè rí i níbikíbi mọ́. Ó ti mú fóònù rẹ̀ jáde láti pe Pápèé kó sọ fún un pé kó wá gbé mọ́tò rẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbé lọ fún un. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí iṣẹ́.

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "kí ẹ tó pè é, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ."

Ó na sukudiráfà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ti etí. Èkíní ń dún bí maṣíìnì télọ̀ tó wà ní ilé kejì. Èkejì náà ń dún. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹta, kìkì ìró ẹ́ńjìnnì ni mo gbọ́. Ẹ̀kẹrin ń dún. Mo padà sí ẹ̀kẹta, ó dákẹ́.

"Ẹ̀kẹta kò dún."

"Ó ń dún."

"Kò dún, Bàbá Ìbejì."

Ó gba sukudiráfà lọ́wọ́ mi, ó dijú. Ó gbọ́ ẹ̀kẹta, ó lọ sórí èkíní, ó padà sórí ẹ̀kẹta, ó tún lọ sórí èkíní. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó sórí táyà.

"Mi ò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn," ló wí. "Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n sí mi lọ́wọ́ ni mo kà sí ìró."

Mo jókòó tì í. Ó bi mí bóyá mo ti mọ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó bi mí ìdí tí mi ò fi sọ.

"Ẹ̀yin ni ẹ ní mò ń kùn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ kan oúnjẹ náà títí ó fi lọ kírun. Ẹ̀rù bà mí. Èmi rò pé ó máa ti ibẹ̀ lọ sílé ni.

Ó padà wá. Ó ní kí n má tíì lọ sí iwájú. Ó yọ ínjẹ́kítọ̀ kẹta, ó fi sí ojú ẹ̀kẹrin, ó fi ẹ̀kẹrin sí ojú ẹ̀kẹta, ó ṣíná mọ́tò, ó ní kí n gbọ́. Ojú ẹ̀kẹta ló ṣì dákẹ́. Èyí tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń dún níbi tí ó gbé e lọ. Ó ní a jẹ́ pé ínjẹ́kítọ̀ kò kú, àpótí pàápàá lè má kú, wáyà tó ń bọ̀ wá síbẹ̀ ni ká wò. Ó fa ẹnu wáyà náà yọ, ó bó rọ́bà ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ òkun ló jẹ ẹ́. Ó gé ibi tó ti jẹrà sọnù, ó jó ẹnu tuntun mọ́ ọn, ó tún àwọn mẹ́ta tó kù ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò tiẹ̀ nílò kí n sọ fún un, ẹ́ńjìnnì náà ti fara balẹ̀, kò gbọ̀n mọ́.

Àwa méjèèjì la gbé e lọ sí Caldwell. Ìyàwó Pápèé fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde wá. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń ráhùn títí ìdí rẹ̀ fi kan ìjókòó, Pápèé sì wa mọ́tò lọ sí ọ̀nà títì. Ọkọ mi dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò wọ́n lọ.

"Báwo ló ṣe ń dún?" ó bi mí.

Mo ní ó ń dún geere, àfi sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín rẹ̀, tó ń kùn díẹ̀. Ó ní sàlẹ́ńsà kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun.

A lọ rí dókítà elétí lẹ́yìn náà. Ó ní ariwo ẹ́ńjìnnì ọdún pípẹ́ ló ba etí náà jẹ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ẹ̀yìn etí. Ó máa ń lò ó ní mọ́ṣáláṣí. Ní ibi iṣẹ́ ó máa ń yọ ọ́ sápò, ó ní ariwo tírélà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mọ́tò bá dé, á pè mí, màá sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ bá a gbọ́ ọ. Ó ti kọ́ mi ní ìyàtọ̀ láàárín pọ́ọ̀m̀pù tó ń fa epo àti èyí tó ń fa afẹ́fẹ́. Ìró gíà ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí, kò sì tíì yé mi.