Ojú Oyèníyì àti Ẹ̀gbà Géraldine

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Oyèníyì fi kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣábẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dé, òun ni wọ́n ń ké sí. Yóò wo ojú, yóò wo àpá, yóò ní, “Ọmọ ilé báyìí ni, ẹ ránṣẹ́ sí abúlé Sakin.” Kì í tàsé. Ó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ àràárọ̀ ló ń wá jókòó sí ìloro.

Ìjọba wá gbé Géraldine dé láti Pobẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí, tí kò mọ agbo ilé mẹ́ta nílùú, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀gbà rọ́bà sọ́wọ́ àwọn aláìsàn, ó kọ orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù ilé wọn àti oògùn tí ara wọn kọ̀ sí i. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Okpara. Ó ń jẹ Oyèníyì lọ́kàn bí ikán ti ń jẹ igi àjà.

“Ṣé bí a ti ń sàmì sí ewúrẹ́ ni ẹ fẹ́ máa sàmì sí ọmọ ènìyàn?”

“Bàbá, ewúrẹ́ kì í ní nọ́ńbà fóònù.”

Gbogbo ìloro rẹ́rìn-ín. Oyèníyì kò rín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan dé láti ọ̀nà Boni. Alùpùpù ló gbé e ṣubú. Orí rẹ̀ fọ́, kò sì mọ ẹni tó ń pè é. Géraldine wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò rí ẹ̀gbà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.”

Inú Oyèníyì dùn ju bí ó ti yẹ lọ. “Táyé ará Boni ni. Ẹ fún un ní pẹnisilíìnì. Ó gbà á níbí níṣojú mi, kò ṣe é ní nǹkan kan.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá wọn bọ́ bàtà rẹ̀. Lábẹ́ ṣòkòtò, lọ́rùn ẹsẹ̀, ni ẹ̀gbà wà, nítorí èèkù ọkọ́ kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ fi í sọ́wọ́. Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ sí i, ìkejì Táyé. Pẹnisilíìnì ni oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀.

Òun nìkan ló rí i. Ó fọwọ́ bò ó, ọwọ́ náà kò sì tètè kúrò. Abẹ́rẹ́ ti fẹ́ kan apá.

“Dúró, ọmọ mi. Mo ṣì í mọ̀. Kẹ́hìndé ni, ara rẹ̀ kọ pẹnisilíìnì.”

Lọ́sàn-án, Kẹ́hìndé lajú, ó béèrè ẹni tó dá òun mọ̀.

“Bàbá yìí ni,” Géraldine ní, tọkàntọkàn.

Ìbá tẹ́ Oyèníyì lọ́rùn kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. “Irọ́ ni. Táyé ni mo pè é. Ẹ̀gbà rẹ ló mọ̀ ọ́n.” Ó wo àpótí ẹ̀gbà lórí tábìlì bí àgbẹ̀ ti ń wo oko aládùúgbò tó dára ju tirẹ̀ lọ. “Táyé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ní tirẹ̀?”

“Kò tíì wá gbà á, Bàbá.”

“Èmi yóò mú un wá.” Ó mú fìlà rẹ̀. “Ìwọ ò kúkú mọ ilé rẹ̀.”