Àǹtí Tó Ń Fi Fóònù Tó Ti Kú Kọ́ Wa ní Gẹ̀ẹ́sì

Níṣojú mi kòrókòró ni, wọn ò sọ ọ́ fún mi. Àǹtí tó ń kọ́ àwa tá à ń tún éésì, ẹ̀rọ amúlétutù, ṣe ládùúgbò Àgùdà ní Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ìwé. Fóònù tó ti kú ló máa gbé sétí, á kẹ̀yìn sí mi, á jágbe bí oníbàárà pé éésì tí mo ṣe ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì òun. Bí mo bá ń bá a jiyàn dípò kí n bi í léèrè, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí níbi tó ti ń jò!" Èmi ni mo sì mọ eré yìí ṣe jù nínú wa.

Nígbà tó ń ṣàìsàn, mo gbé fóònù yẹn sétí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i, mo jágbe ní Gẹ̀ẹ́sì pé éésì mi ń jò.

Ó rọra dáhùn: "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Níbo ló ti ń jò?"

Ó kú lọ́jọ́ kejì. Tísà kan lọ, àti oníbàárà kan ṣoṣo tó máa jágbe mọ́ mi tí inú mi á dùn.