Ìyàwó Tó Kúnlẹ̀ Lórí Pápá

Títí di òní, bí òórùn dòdò tó ń jóná bá ti gba imú mi, bésíbọ́ọ̀lù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n ní ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Wythenshawe, níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ni mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń jiyàn lórí mi, bóyá kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣeré ni tàbí kí n máa bá wọn ṣa bọ́ọ̀lù kiri. Mo fi etí ti ilẹ̀kùn, mo gbàgbé iná. Nígbà tí mo padà débẹ̀, dòdò ti dúdú bí èédú. Mo sì gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀, torí ojú tì mí láti sọ pé ó jóná.

Ọdún tí mo dé ìlú yìí ni. Ọkọ mi ń kàwé ní yunifásítì, èmi tẹ̀lé e wá, a sì ń gbé yàrá kan lókè nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí. Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni, ì báà jẹ́ obìnrin. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mo ń kúnlẹ̀ kí i bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí mo kúnlẹ̀ kí i lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lù mí. Ìtìjú mi kọjá àfẹnusọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ máa lé ẹyẹ ní oko ìrẹsì bàbá mi, ẹyẹ kì í sì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé Manchester, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ nítorí pé ojú ń tì mí láti tẹ aago. Mo rò pé gbogbo ọkọ̀ ni yóò yíjú wò mí.

Àǹtí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ni wọ́n kó ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan jọ. Ẹni tó kọ́ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, ti jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní Ìlọrin rí. Níbí, ibùsùn aláìsàn ló ń tì kiri nílé ìwòsàn. Eré náà kò le lẹ́nu. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi igi gbá a, àwọn yòókù á fọ́n ká sórí pápá láti mú un. Bí wọ́n bá mú un kó tó kanlẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn. Bí wọn ò bá mú un, á sáré yí ibùdó mẹ́ta ká, bó bá sì padà wọlé, ìyẹn ibi tó ti gbá a, àmì kan nìyẹn. Àmọ́ ẹgbẹ́ tiwa kì í mú un. Láti ìgbà tí ooru ti dé ni wọ́n ti ń nà wá ní gbogbo Sátidé bí ẹni ń na bẹ̀ǹbẹ́. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje sì ti sọ pé ẹgbẹ́ tó bá parí láì borí lẹ́ẹ̀kan péré kò ní bá àwọn ṣeré mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìfigagbága méjì ló kù.

Omi ni mo máa ń gbé lọ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù yí wá sí ẹsẹ̀ mi, Kóòṣì ní kí n jù ú padà. Mo jù ú bí mo ṣe ń ju òkò sí ẹyẹ, ó sì fò kọjá lórí rẹ̀, ó lọ bá ògiri páàkì. Ó wò mí títí. “Ta ló kọ́ ọ?” Mo wo ilẹ̀. “Ẹyẹ ni, sà.” Láti ọjọ́ náà ló ti fi mí sí ẹgbẹ́ kejì, àwọn ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sídeè. Èmi àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ìbàdàn, la mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀. Òun ń ju bọ́ọ̀lù fún agbábọ́ọ̀lù bí ẹni ń bínú, èmi ń mú un lẹ́yìn pápá. Ẹ wá wo bí orí mi ṣe wú. Èmi tí n kò lè tẹ aago bọ́ọ̀sì, mo ń wẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú balùwẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn pé wọn kò ní yé fìdí rẹmi títí wọn ó fi pè mí. Mo tilẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ìrora díẹ̀ ṣe ẹnì kan nínú wọn. Díẹ̀ péré. Mo bẹ̀ Ẹ́ kó má ṣe pọ̀ jù.

Bọ́rọ̀ ṣe dé pálọ̀ Àǹtí nìyẹn. Kóòṣì ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn ọmọ méjì wà ní ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n dára ju ẹni mẹ́rin lọ nínú wa. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sókè.”

Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ gbé àwọn arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn, tó ń ṣọ́ apá òsì pápá, bínú. “Àwọn mẹ́rin wo? Dárúkọ wọn.”

“Bọ̀dá, ìwọ̀nba tí mo sọ yẹn náà ti tó. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àǹtí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. “Èyí tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹ mú un, ọmọ yẹn kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa? Ẹni tí èmi gan-an ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa láti ìgbà tó ti wọlé mi? Ariwo ni wọ́n ń pa lórí pápá o. Bí ọmọdé bá tilẹ̀ ní aṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà?”

“Àkísà la ti ń wọ̀ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, Sístà,” Kóòṣì dá a lóhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá aṣọ wọ̀.”

Bàbá awakọ̀ ló parí ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Láti ọjọ́ Àìkú ni ìbàdí ti ń ro mí. Kí ìyàwó yín gba ipò mi.” Mo gbọ́ “ìbàdí”, mo rántí àdúrà mi, ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ìgbà yẹn ni òórùn dé imú mi. Nígbà tí mo gbé abọ́ náà kalẹ̀, bàbá mú ẹyọ kan, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ṣùgbọ́n kó má dáná o, bó bá di ọjọ́ eré.”

Òfin kan ṣoṣo ni Kóòṣì fún mi. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ̀ láàárín ẹni méjì, ẹni tó bá máa mú un gbọ́dọ̀ kígbe “Tèmi!” kí èkejì lè yẹ̀ ẹ́. Mo ní ó ti yé mi. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé Àǹtí ni yóò dúró sí àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ní Sátidé yẹn, a wà lórí pápá bíi wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù tó yà sọ́dọ̀ mi. Ó lọ sókè réré, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ láàárín èmi àti Àǹtí. Èmi ló sún mọ́ jù. Ọwọ́ mi ti wà lókè. Mo la ẹnu láti kígbe, mo rí ojú Àǹtí tó ń sáré bọ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n já nǹkan gbà mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé? Kí n tún pariwo mọ́ ọn? Mo sún sẹ́yìn, mo tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò, mo ní, “Ẹ gbà á, mà.” Àǹtí dúró láti wò mí. Bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín wa. Àwọn méjì nínú àwọn tí à ń bá ṣeré sáré wọlé, a sì fìdí rẹmi.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi béèrè pé, “O ò lè mú un ni?”

Mo ní, “Mo fi lọ̀ wọ́n.”

Ó pa ìwé tó ń kà dé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Kóòṣì ti ní kí n padà sí ẹgbẹ́ kejì, Àǹtí sì kọjú sí fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Mo rò pé mo ti ba ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn jẹ́ fún un, àti pé láìpẹ́ yóò ní kí a wá ilé míì.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Àǹtí pè mí sí ilé ìdáná. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó ti sọ àlùbọ́sà kan sókè láàárín wa. “Kígbe!” Mo wò ó. Àlùbọ́sà bọ́ sílẹ̀. Ó mú òmíràn. “Mo ní kó o kígbe mọ́ mi!”

“Tèmi ni, mà,” mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

“Ta ni ‘mà’? Bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀ kó o tó dé ibi ‘mà’ yẹn.” Ó fi ara ti sínkì, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Gbọ́, ìyàwó mi. Nínú ilé yìí, ọkọ rẹ ni mí, mi ò ní sọ pé kó o má kúnlẹ̀. Àmọ́ lórí pápá, orúnkún mi ò gbà mọ́. Mi ò tíì sọ fún Kóòṣì. Lánàá, bó o tiẹ̀ fún mi ní bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò lè dé ibẹ̀. O rò pé ò ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ìtìjú lo gbé fún mi lójú àwọn èèyàn.”

Ohun tí n kò rò rí nìyẹn. A lo àlùbọ́sà mẹ́sàn-án lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, ohùn mi ròkè débi tí aládùúgbò fi kan ògiri. Àǹtí ló lọ bá Kóòṣì pé kó dá mi padà.

Ìfigagbága ìkẹyìn, àwọn ará Blackley la bá pàdé. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí síbí yẹn ju bọ́ọ̀lù sí wọn bí ìjì, ó sì di pé àmì kan la fi ṣíwájú wọn, ó ku ẹni méjì péré ká lé jáde. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ti dúró sí ibùdó ìkẹyìn, ó ń wá bí yóò ṣe sáré wọlé. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà. Ó lọ sókè réré, ó tún ń bọ̀ láàárín èmi àti Àǹtí.

“TÈMI!”

N kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Ẹyẹlé tó wà lórí pápá fò lọ. Àǹtí dúró gbọnyin, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ mi, pọ̀ọ́! Mo ti mú un. Lójú mi, eré ti parí. Ohun tó kù lọ́kàn mi ni pé mo ti pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níta gbangba. Mo ṣubú lórí eékún méjèèjì níwájú rẹ̀ nínú koríko tútù. “Ẹ má bínú, mà.”

“Jù ú!” Àǹtí figbe ta. “Ọmọ yìí, jù ú! Ó ti ń sáré!”

Kóòṣì ti ṣàlàyé fún wa ní Wẹ́sídeè pé bí a bá mú bọ́ọ̀lù lókè, ẹni tó dúró sí ibùdó ṣì lè sáré wọlé. Inú balùwẹ̀ tí mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni ọkàn mi wà nígbà tó ń sọ ọ́. Mo yíjú, mo rí ọkùnrin náà tó ń sá lọ, kò sí àyè láti dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti ju bọ́ọ̀lù, bí ìgbà tí ẹyẹ bá fẹ́ bà lé ìrẹsì. Kóòṣì, tó ń ṣọ́ ilé, mú un, ó fi kan ọkùnrin náà léjìká, ó ku ẹsẹ̀ kan kó wọlé, òun náà sì jáde. A borí. Àwọn ará Blackley rò pé ọgbọ́n eré ni ìkúnlẹ̀ yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbìyànjú rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ sì ya.

Ọkọ mi ti parí ìwé rẹ̀ báyìí, a sì ti kó lọ sí ilé tiwa, kò jìnnà sí ti Àǹtí. Mo ń tẹ aago bọ́ọ̀sì. Àǹtí ń wá wo eré wa lórí àga kékeré kan, pẹ̀lú aṣọ òtútù àti fúláàsì tíì, èmi ni mo sì ń dúró sí àárín pápá ní ipò rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, Kóòṣì gbé ọmọbìnrin kan sókè láti ẹgbẹ́ kejì, kò tíì pé oṣù mélòó kan tó ti ilé dé. Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, mo sọ pé kó gbé e sókè, mo sì fi ẹnu mi sọ ọ́ sókè ketekete. Ní Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan bọ̀ láàárín wa. Ọmọ náà kígbe “Tèmi!” mọ́ mi, kò wo ojú mi rárá.

Mo yẹ̀ ẹ́ fún un, bó ṣe yẹ. Àmọ́ kí n má purọ́, nígbà tó mú un tán, mo dúró díẹ̀, mo ń wò ó bóyá yóò kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín Àǹtí láti orí àga rẹ̀. Ọmọ náà kò kúnlẹ̀. Ó ti ju bọ́ọ̀lù náà.