Olúwadáre Tó Ń Wọn Ènìyàn Bí Ẹni Wọn Kòkó

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Ọlọ́runbùnmi gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀, èébú ni. Wọ́n tẹ́ Olúwadáre sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Oǹdó, gbogbo wọn rò pé kò mọ ibi tó wà mọ́. Ọkọ̀ já sí kòtò. Bàbá la ojú kan.

"Dírẹ́bà, ta ló bá ọ ṣe sípírìǹgì ọkọ̀ yìí? Ṣé o bá a jà ni?"

Ó pa ojú náà dé, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé bú iṣẹ́ oníṣẹ́, ó bú u dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni ní Orè, kò sì sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan tó gbọ́n lójú rẹ̀. Àwọn yòókù á fọwọ́ tẹ ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní ó ti dára. Olúwadáre á yínmú sí wọn: "Ṣé búrẹ́dì lẹ̀ ń tẹ̀ wò ni?" Tirẹ̀ ni pé sípírìǹgì tó gbé ọ̀rọ̀bọ̀ kò lè bá ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mu. Bí ẹni tó ń gùn ún bá wúwo, kí wọ́n fún un pọ̀. Bó bá fúyẹ́, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Báwo ló ṣe ń mọ ẹni tó wúwo? Òṣùwọ̀n kòkó ni. Láoyè tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n jọ pààlà ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á gun òṣùwọ̀n Láoyè, tòun ti ẹrù tó máa ń gbé, Olúwadáre á sì pariwo iye rẹ̀ sétí gbogbo títì.

Nígbà ìjọba ṣọ́jà yẹn, tí wọ́n ń fi kòbókò to ènìyàn sórí ìlà nítorí mílíìkì, kọ́púrù kan gbé alùpùpù wá. Ó fẹ́ gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gun òṣùwọ̀n.

"Ẹ gbé e dání, ọ̀gá. Àbí ìbọn yẹn á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn yín ni?"

Kọ́púrù gbé e dání.

"Ọgọ́ta kílò, tìbọn tìbọn!" Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Háà! Ebi ń pa ìjọba náà!"

Inú ilé ni gbogbo títì sá wọ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín ìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gun òṣùwọ̀n ọ̀hún: ìyàwó rẹ̀. Alùpùpù tí Olúwadáre ń gùn, ìwọ̀n ara tirẹ̀ nìkan ló fi ṣe é. Bí Ọlọ́runbùnmi bá jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń lọ oko wọn ní Ajue, gbogbo kòtò tí wọ́n bá kó sí, ìbàdí rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

"Bàbá Fìyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún ẹni méjì. Ìbàdí mi ti fẹ́ já."

"Gun òṣùwọ̀n."

"Èmi kì í ṣe kòkó."

"Èmi náà kì í ṣe wòlíì tí màá rí iye rẹ lójú ìran."

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ kan yìí.

Ọdún tí gààrí gbówó lórí, tí kálukú ń lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì, ni Elisha, àgbẹ̀ Omífunfun, gbé alùpùpù rẹ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. "Olúwadáre, ó tún ń rì!"

"Ìwọ lò ń jẹun jù."

"Oúnjẹ wo? Lọ́dún yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára. Ó lọ yá àpò sìmẹ́ńtì kan tí wọn ò tíì tú, èyí tí wọ́n kọ àádọ́ta kílò sí lára, ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ní kílò mẹ́tàlélógójì ni.

Elisha di orí mú. "Kílò méje! Ṣé bí Láoyè ṣe ń wọn kòkó wa láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Kò tíì sọ tán tí Láoyè fi rántí pé ara ìyá òun kò yá ní ìlú òkèèrè. Ó gbàgbé láti padà wá. Àwọn àgbẹ̀ ń sunkún kòkó, Olúwadáre ń jó: "Ẹ ò rí i? Mo ní kò sóhun tó ṣe iṣẹ́ mi!"

"Ẹ kú oríire," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Òṣùwọ̀n olè lẹ fẹ́ kí n gùn."

Bàbá tún òṣùwọ̀n náà ṣe, ó péye. Àwáwí tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, Ọlọ́runbùnmi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gun òṣùwọ̀n tòun ti Bíbélì rẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá pariwo, ilé bàbá mi ni mo ń lọ."

Olúwadáre bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò pariwo, kò kọ iye náà sínú ìwé, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ alára. Ó na ọwọ́ tó kún fún gíríìsì sí i kó lè sọ̀ kalẹ̀, ó sì ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́.

"Mo ti há a sórí, Ìyá Fìyìn. Bílẹ̀ bá mọ́, màá fún un pọ̀."

Ilẹ̀ mọ́, àìsàn dá a dúró, òun náà ló sì gbé e lọ.

Fìyìn ọmọ wọn ló ń gun alùpùpù náà báyìí, ìyá rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn. Ó gbé òṣùwọ̀n síta lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún kí n lè mọ bí màá ṣe fún sípírìǹgì pọ̀ tó."

"Mo ti gùn ún fún bàbá rẹ," ni ìyá wí, ó sì wọlé.

Sípírìǹgì ẹ̀yìn ṣì wà fún ẹnì kan.